Bí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú méjì bá di ọ̀kan, ta ni àgbà nínú àwọn awakọ̀?

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kọkànlá mi rèé nílé-iṣẹ́ tí mo ti ń wa ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, àga ọwọ́ ọ̀tún, ìyẹn ti igbákejì ọ̀gá awakọ̀, ni mo ṣì ń jókòó sí. Wọ́n ti kéde pé wọ́n fẹ́ da ilé-iṣẹ́ wa pọ̀ mọ́ òmíràn tó kéré sí tiwa. Lọ́hùn-ún, àwọn tí kò tíì lò ju ọdún márùn-ún lọ ti di ọ̀gá awakọ̀. Àwọn àgbà ibi iṣẹ́ wa ní ọjọ́ tí wọ́n gba èèyàn síṣẹ́ nìkan ló gbọ́dọ̀ jẹ́ òṣùwọ̀n. Wọ́n ti ń pín káàdì kiri báyìí pé ká fọwọ́ sí i, ká lé yúníọ̀nù tó wà níbẹ̀ lọ, ká gbé tuntun wọlé tí yóò rí i dájú pé ọjọ́ ìgbàsíṣẹ́ ni wọ́n lò. Ṣé kí n fọwọ́ sí i? Àbí àgbà kì í ṣe àgbà mọ́ ni?

* * *

Àbúrò, má tíì fọwọ́ sí káàdì kankan. Mo mọ̀ pé inú ń bí yín, ìbínú yín sì nídìí. Ṣùgbọ́n káàdì yẹn lè gbà lọ́wọ́ rẹ ju ohun tí ìdàpọ̀ fúnra rẹ̀ máa gbà lọ. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ là á yé àwọn tí kì í ṣe awakọ̀ tí wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú wa.

Lẹ́nu iṣẹ́ wa ní Amẹ́ríkà, nọ́ńbà ni gbogbo nǹkan. Ọjọ́ tí wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́ ni wọ́n fi ń fún ọ ní nọ́ńbà, bí àwọn tó wà níwájú rẹ bá sì ṣe ń fẹ̀yìn tì ni ìwọ náà ń gòkè. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ irú ọkọ̀ tí o máa wà, ìlú tí o ti máa máa gbéra, ìgbà tí o máa di ọ̀gá awakọ̀, ọjọ́ tí o máa sinmi, àti bóyá ìwọ àti àwọn ọmọ rẹ lẹ máa jọ jẹun lọ́jọ́ Kérésì. Bí ọjà bá kùtà tí wọ́n fẹ́ dín èèyàn kù, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í wo ẹni tó mọ ọkọ̀ wà jù. Bí o bá fi ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ lọ sí òmíràn, ò báà ti jẹ́ ọ̀gá awakọ̀ fún ogún ọdún, ìsàlẹ̀ pátápátá lo ti máa tún bẹ̀rẹ̀, owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni wọ́n sì máa san fún ọ. Ìdí nìyẹn tí awakọ̀ kì í fi í tètè sá kúrò nílé-iṣẹ́ tó ń dojú rú.

Ẹni méjì kan tí mo mọ̀ wọṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, kíláàsì kan náà. Ọjọ́ orí ni wọ́n fi yà wọ́n: ẹni tó fi oṣù díẹ̀ ju èkejì lọ ló gba nọ́ńbà òkè. Nígbà tí àyè ṣí fún ọ̀gá awakọ̀ ní ìlú tí àwọn méjèèjì ń gbé, orí ẹni àkọ́kọ́ ni àyè tán sí. Èkejì ní láti máa wọ ọkọ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Yàrá kan tí àwọn awakọ̀ dáwó jọ háyà ló ń sùn sí, lórí ibùsùn alájà méjì, pẹ̀lú fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ó ń retí kí wọ́n pè é nídàájí pé ẹnìkan ṣàìsàn, kó wá rọ́pò rẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí ìkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ti lọ̀ ọ́ sílẹ̀ láti alẹ́, torí wákàtí díẹ̀ péré ni wọ́n ń fún un láti dé ibùdókọ̀. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ wá rò ó wò bí ìdàpọ̀ bá sún èèyàn sẹ́yìn ní ẹgbẹ̀rún kan nọ́ńbà.

* * *

Ẹnìkan ti fèsì pé: "Kí ló ṣòro níbẹ̀? Ẹ kó gbogbo orúkọ jọ, ẹ tò wọ́n bí ọjọ́ ìgbàsíṣẹ́ ṣe tẹ̀lé ara wọn, ọ̀rọ̀ parí."

Ọ̀pọ̀ Yorùbá ló máa gbè é lẹ́yìn, torí bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Nínú agbo ilé wa, a kì í fi ọjọ́ orí mọ ìyálé, ọjọ́ tó wọlé ọkọ la fi ń mọ̀ ọ́n. Àmọ́ bí wọ́n bá wó ògiri tó wà láàárín agbo ilé méjì, tí wọ́n ní ilé kan ni láti òní lọ, ta ni ìyálé? Ọ̀kan ti lo ogún ọdún nílé tí òrùlé rẹ̀ ti ń jò, tí wọ́n ti ní kí púpọ̀ nínú àwọn ìyàwó máa lọ sílé bàbá wọn. Èkejì lo ọdún mẹ́jọ péré nílé tó ń gbèrú. Kò sí èyí tó bá èkejì nílé.

Ohun mẹ́ta ni àwọn tó ń dá irú ẹjọ́ yìí ń wò. Àkọ́kọ́ ni iye ọdún tí èèyàn ti lò. Ìkejì ni ipò tó wà gan-an lọ́jọ́ tí ìdàpọ̀ dé: irú ọkọ̀ wo, àga wo. Ìkẹta ni ohun tí ì bá dà ká ní ilé-iṣẹ́ rẹ̀ dá dúró: ṣé ó ń lọ sókè ni, àbí wọ́n fẹ́ rán an lọ sílé? Ìjà gbogbo máa ń jẹ́ lórí èyí tó yẹ kó wúwo jù, oníkálukú sì máa ń di èyí tó ṣe é láǹfààní mú. Àwọn tó ti pẹ́ nílé-iṣẹ́ tó ń ṣàìsàn a ní ọdún ni. Àwọn tó dé láìpẹ́ sí èyí tó lágbára a ní ipò ni. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi fún ìyẹn.

* * *

Wàyí o, ẹjọ́ tó yẹ kí ẹni tí wọ́n na káàdì sí kọ́kọ́ mọ̀ ni ti US Airways àti America West.

US Airways wà ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ó ti pẹ́, ó sì ti sá wọ ilé ẹjọ́ lẹ́ẹ̀mejì torí gbèsè, ní 2002 àti 2004. America West wà ní Arizona, kò pẹ́ tó o, kò sì tóbi tó o. Wọ́n di ọ̀kan ní oṣù Kẹsàn-án 2005. Àwọn ará America West ló gba àkóso, orúkọ US Airways ni wọ́n sì ń jẹ́. Àwọn awakọ̀ ìlà-oòrùn lé ní 5,000 tí a bá ka àwọn bí 1,700 tí wọ́n ti rán lọ sílé mọ́ wọn; àwọn ti ìwọ̀-oòrùn kò tó 2,000. Ẹni tó kéré jù nínú àwọn tó ṣì ń fò ní ìlà-oòrùn ti wọṣẹ́ láti 1988. Ní ìwọ̀-oòrùn, wọ́n ṣì ń gba ọmọ tuntun ní 2005.

Yúníọ̀nù kan náà ni àwọn méjèèjì wà, ìyẹn ALPA (Air Line Pilots Association), tó ń ṣojú àwọn awakọ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́. Òfin ALPA sọ pé kí wọ́n jókòó dúnàá-dúrà. Bí kò bá bọ́ sí i, kí wọ́n wá alárinà. Bí ìyẹn náà kò bá bọ́ sí i, kí onídàájọ́ kan tí kò bá ẹnikẹ́ni tan dá a, ohun tó bá sì wí, abẹ gé e. Tọ̀tún-tòsì ló gbà bẹ́ẹ̀. George Nicolau ni wọ́n yàn, ọ̀gbẹ́ni tó ti dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Oṣù Karùn-ún 2007 ni ìdájọ́ jáde: àwọn ará ìlà-oòrùn ló ni ipò 517 àkọ́kọ́ torí àwọn nìkan ló ń wa àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń ré òkun kọjá, ó po àwọn yòókù pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ipò tí oníkálukú wà, ó sì fi àwọn tí wọ́n ti rán lọ sílé sí ìsàlẹ̀. Bí ẹni tó ti wọṣẹ́ láti 1988 ṣe bá ara rẹ̀ nítòsí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nìyẹn.

Gbẹgẹdẹ gbiná. Àwọn ará ìlà-oòrùn kọ ìdájọ́ náà, wọ́n dá yúníọ̀nù tuntun sílẹ̀, USAPA, wọ́n sì kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀ pé ọjọ́ ìgbàsíṣẹ́ ni òṣùwọ̀n. Ìdìbò dé ní oṣù Kẹrin 2008. Àwọn ló pọ̀ jù, àwọn ló wọlé, ALPA sì kúrò níbẹ̀. Àbúrò, bí wọ́n ṣe ń pín káàdì fún yín yìí náà ni wọ́n ṣe pín in fún wọn nígbà yẹn.

* * *

"Wọ́n sì borí!" Ẹnìkan ló kọ bẹ́ẹ̀ sísàlẹ̀ ibí.

Ìbò ni wọ́n borí. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó tẹ̀lé e. Àwọn ará ìwọ̀-oòrùn gbé USAPA lọ sílé ẹjọ́ ní 2008. Ní 2009, àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti gbọ́ ẹjọ́ náà ní Arizona dá wọn láre. Ní oṣù Kẹfà 2010, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá a nù pé ọ̀rọ̀ ò tíì tó ó pè lẹ́jọ́, torí àdéhùn iṣẹ́ tuntun ò tíì sí. Àwọn kan ní ìlà-oòrùn jó, wọ́n yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ìdí tí ilé ẹjọ́ sọ: àdéhùn ò tíì sí. Kò sì lè sí, torí bí àdéhùn bá wà, tòun ti ìwé nọ́ńbà ni yóò jọ wá, ìjà yóò sì padà sílé ẹjọ́.

Báyìí ni àwọn ará ìlà-oòrùn ṣe ń fò lórí owó ìgbà gbèsè, èyí tí wọ́n fipá gbà ní 2004, títí di 2013. Ilé-iṣẹ́ kan náà, orúkọ kan náà lára ọkọ̀, ṣùgbọ́n awakọ̀ ìlà-oòrùn kò lè bá ti ìwọ̀-oòrùn jókòó nínú ọkọ̀ kan náà. Oníkálukú ní ọkọ̀ tirẹ̀ àti àdéhùn tirẹ̀. Ní 2011, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Charlotte tún pàṣẹ pé kí USAPA dẹ́kun mímọ̀ọ́mọ̀ fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Láàárín àkókò yẹn, àwọn awakọ̀ Delta, tí wọ́n da tiwọn pọ̀ mọ́ Northwest ní 2008, ti wà lórí àdéhùn kan ṣoṣo tó fi owó kún owó wọn.

Ẹni tó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ní 2005 ti fẹ̀yìn tì kí owó tó yí padà. Owó tí kò gbà láwọn ọdún yẹn kò ní padà wá mọ́, owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń ṣírò lára rẹ̀ náà kò ní padà wá. Ta ló jèrè? Àwọn tó ni ilé-iṣẹ́. Wọ́n rí awakọ̀ olówó pọ́ọ́kú lò fún ọdún mẹ́jọ, kò sì sí yúníọ̀nù kan tó lè kojú wọn tán, torí àwọn òṣìṣẹ́ ń bá ara wọn jà.

* * *

Agbẹ́jọ́ ẹnu ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n gbé ẹjọ́ ìlà-oòrùn kalẹ̀ bí àwọn fúnra wọn ṣe ń rò ó. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì rò ó fún mi rí, mi ò sì rí èsì kíá fún un.

Ó ní: àwa la dàgbà jù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wa ló máa fẹ̀yìn tì láàárín ọdún díẹ̀. Àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn wa nílé-iṣẹ́ tiwa ló ti fara da gígé owó, tí wọ́n ti dúró de ìgbà tí a óò kúrò kí wọ́n lè di ọ̀gá awakọ̀. Ìwé Nicolau yìí mú àyè tí a máa fi sílẹ̀, ó pín in fún àwọn ará Arizona tí wọn kò bá wa jìyà rẹ̀.

Òótọ́ wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì yẹn ni ibi tó lágbára jù nínú ẹjọ́ wọn, kì í ṣe ọjọ́ ìgbàsíṣẹ́. Ká ní orí ìyẹn nìkan ni wọ́n dúró, kí wọ́n ní kí onídàájọ́ mọ ọgbà yí àyè àwọn tó ń fẹ̀yìn tì ká fún ọdún díẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n rí nǹkan gbà. Bí onílé àti àlejò bá ń dúnàá-dúrà, irú ọgbà bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀: ìlú kan tàbí irú ọkọ̀ kan, àwọn ará ibẹ̀ nìkan ló ní in títí di ọjọ́ báyìí. Ọjọ́ ìgbàsíṣẹ́ pọ́ńbélé ni wọ́n bèèrè, wọn ò sì yẹ̀ kúrò lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún já lé gbogbo wọn lórí ní oṣù Kejìlá 2007. Òfin tuntun sún ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì awakọ̀ láti 60 sí 65. Àwọn àgbà tí wọ́n ń retí pé kí wọ́n kúrò jókòó ti àga wọn fún ọdún márùn-ún sí i, àwọn tó wà lẹ́yìn sì dúró gbagidi, àti ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn. Ọdún kejì rẹ̀ ni ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀. Ibi yẹn gan-an ni ìbínú ti le sí i, ẹnikẹ́ni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí nígbà náà á rántí.

* * *

Ẹnìkan láti Ìkẹjà béèrè pé ṣé kò ní dára kí wọ́n kàn fi iye wákàtí tí oníkálukú ti fò tò wọ́n.

Kò ní dára. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ kékeré lọ ìlú mẹ́rin lójúmọ́ àti ẹni tó ń ré òkun kọjá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kì í ko wákàtí jọ bákan náà. Ẹni tó gba ìsinmi ìbímọ yóò sì pàdánù láìṣẹ̀. Kò sí yúníọ̀nù ńlá kankan tó ń bèèrè bẹ́ẹ̀.

* * *

Àbúrò wa tó béèrè ọ̀rọ̀ ti padà dé. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ALPA ni àwa méjèèjì wà. Àwọn kan níbí sọ pé ALPA náà ló ta àwọn awakọ̀ TWA. Kí ló dé tí a ó fi gbà wọ́n gbọ́?"

Ìbéèrè gidi lèyí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn TWA burú. Ní 2001, American Airlines ra TWA, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú mìíràn tó ti wọko gbèsè. TWA ní awakọ̀ bí 2,300. Yúníọ̀nù American, tí kì í ṣe ALPA, ló mú àṣẹ lọ́wọ́, ó sì to ju ìdajì wọn lọ sábẹ́ ẹni tó kéré jù lọ ní American. Ẹni tó ti wa ọkọ̀ fún ọdún mẹ́wàá wà lẹ́yìn ẹni tó wọlé lóṣù tó kọjá. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí American ra TWA ni ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án wáyé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dín èèyàn kù, ìsàlẹ̀ ni wọ́n sì ti ń dín in. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ìrírí ló lọ jókòó sílé.

Àwọn ará TWA pe ALPA lẹ́jọ́ pé kò jà fún àwọn bó ṣe yẹ. Ní 2011, àwọn tó gbọ́ ẹjọ́ náà ní New Jersey dá wọn láre, ALPA sì gbà láti san mílíọ̀nù 53 dọ́là ní 2014. Nítorí náà, n kò ní kí o gba ALPA gbọ́ bí ẹní gba Ọlọ́run gbọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ti inú ìyà yẹn rí gbà. Ìpínlẹ̀ Missouri, níbi tí TWA fìdí kalẹ̀ sí, ní sẹ́nétọ̀ méjì, Claire McCaskill àti Kit Bond, ẹgbẹ́ òṣèlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn méjèèjì pawọ́ pọ̀ ṣe òfin ní ìparí 2007: kò sí ilé-iṣẹ́ tó lè da òmíràn pọ̀ mọ́ ara rẹ̀ mọ́ kí yúníọ̀nù tó lágbára jù kàn to àwọn àlejò sísàlẹ̀ bó ṣe wù ú. Ó gbọ́dọ̀ tọ́, ó gbọ́dọ̀ ṣe déédéé. Bí wọn kò bá rẹ́, kí onídàájọ́ dá a. Òṣùwọ̀n rẹ̀ ti wà láti ìgbà ìdàpọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Allegheny àti Mohawk ní 1972. Bí yúníọ̀nù kan náà bá sì ń ṣojú ìhà méjèèjì, bíi tiyín, òfin yúníọ̀nù yẹn ló máa ṣiṣẹ́. Ìyẹn ni pé ọ̀nà ti wà nílẹ̀ fún yín. Káàdì tí wọ́n ń pín yẹn, ọ̀nà yẹn ló fẹ́ dí.

Mo tún fẹ́ kí o mọ èyí. Ní 2009, lẹ́yìn wàhálà US Airways, ALPA tún òfin rẹ̀ ṣe, ó dá iye ọdún iṣẹ́ padà sínú ohun tí onídàájọ́ gbọ́dọ̀ wò. Nígbà tí United àti Continental ń ṣe ìdàpọ̀ tiwọn, tí ìwé wọn jáde ní 2013, ipò ló wúwo jù, ṣùgbọ́n wọ́n ka ọdún mọ́ ọn. Ọdún mọ́kànlá rẹ kò ní ṣòfò. Òun nìkan kọ́ ni wọ́n máa wò ni.

* * *

Mo fẹ́ yà síbì kan, ẹ fara balẹ̀ fún mi, torí ọ̀rọ̀ yìí kan àwa aláwọ̀ dúdú gan-an.

Òfin tí àwọn ará Arizona fi mú USAPA ni pé yúníọ̀nù tó bá gba ẹ̀tọ́ láti ṣojú gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣojú gbogbo wọn láìṣègbè, títí kan àwọn tí kò dìbò fún un. Ibo ni òfin yìí ti wá? Láti ọwọ́ ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ní Alabama, Bester William Steele, tó ń kóná sí ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú irin Louisville and Nashville. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ipò rẹ̀ dára, owó rẹ̀ dára. Yúníọ̀nù àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà kò gba aláwọ̀ dúdú wọlé, síbẹ̀ òun ni òfin mọ̀ gẹ́gẹ́ bí aṣojú gbogbo wọn. Ní 1941, wọ́n bá ilé-iṣẹ́ ṣàdéhùn láti dín àwọn aláwọ̀ dúdú kù. Wọ́n yọ Steele kúrò níbi tó wà, wọ́n fi àwọn aláwọ̀ funfun tó kéré sí i lẹ́nu iṣẹ́ síbẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ síbi tí iṣẹ́ ti le jù tí owó sì ti kéré jù.

Agbẹjọ́rò rẹ̀ ni Charles Hamilton Houston. Ní oṣù Kejìlá 1944, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá Steele láre: ẹni tí òfin fún ní agbára láti sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo ènìyàn kò lè fi agbára náà tẹ apá kan nínú wọn mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ àgbà lẹ́nu iṣẹ́ ni ẹjọ́ náà dá lé, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nígbà tí ẹnìkan bá sọ fún ọ pé "àwa la pọ̀ jù, a ó dìbò, a ó sì to ìwé náà bó ṣe wù wá", rántí Steele. Àwọn tó lé e náà ló pọ̀ jù. Èmi kò lè fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, kódà bí yóò bá gbé mi gòkè.

Orí òfin yẹn náà ni ìjà US Airways parí sí. Nígbà tí wọ́n da US Airways pọ̀ mọ́ American ní oṣù Kejìlá 2013, USAPA tún fẹ́ lo àyè náà láti sin ìwé Nicolau. Ní 2015, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan náà tó dá ẹjọ́ nù ní 2010 ní USAPA ti ṣẹ̀ sí ojúṣe rẹ̀. Ìgbìmọ̀ onídàájọ́ fún àwọn ará ìwọ̀-oòrùn ní aṣojú tiwọn, wọ́n sì po ìwé mẹ́ta pọ̀: ti American, ti ìlà-oòrùn, ti ìwọ̀-oòrùn. Oṣù Kẹsàn-án 2016 ni ó jáde, ọdún mọ́kànlá gbáko lẹ́yìn ìdàpọ̀ àkọ́kọ́.

* * *

Ọ̀rẹ́ kan ní kí n yé dẹ́rù ba ọmọ náà, pé kíkọ̀ ló máa ń mú kí wọ́n fi kún un.

Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ti AirTran. Southwest rà wọ́n ní 2011. Wọ́n jọ dúnàá-dúrà, wọ́n ní àdéhùn kan lọ́wọ́, àwọn aṣojú awakọ̀ AirTran sì kọ̀ láti gbé e síwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fún ìdìbò, wọ́n ní kò tó. Ilé-iṣẹ́ jẹ́ kó hàn pé òun lè má da AirTran pọ̀ mọ́ra rárá. Àdéhùn kejì tó wá jáde kéré sí ti àkọ́kọ́, èyí ni wọ́n sì dìbò fún nígbẹ̀yìn ọdún náà. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá awakọ̀ AirTran ló padà sí àga igbákejì. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé àwọn awakọ̀ fúnra wọn kò rí àdéhùn àkọ́kọ́ dìbò lé lórí.

Ẹ wá fi wé Delta àti Northwest. Àwọn awakọ̀ méjèèjì ti fẹnu kò lórí àdéhùn iṣẹ́ kan kí ìdàpọ̀ tó wáyé ní oṣù Kẹwàá 2008, wọ́n sì gba ìpín nínú ilé-iṣẹ́ tuntun. Lórí nọ́ńbà, wọn kò rẹ́. Wọ́n jà á dé iwájú àwọn onídàájọ́. Oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni ìdájọ́ jáde. Inú ọ̀pọ̀ kò dùn sí i, àti níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà á, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn fò, nígbà tí àdéhùn tuntun sì tún dé, ẹnu kan ni wọ́n fi bá ilé-iṣẹ́ sọ̀rọ̀.

Ilé-iṣẹ́ tí èmi náà wà ti la ìdàpọ̀ kọjá, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ohun tí mo rántí jù kì í ṣe nọ́ńbà. Àga kékeré kan wà lẹ́yìn àwọn awakọ̀ nínú ọkọ̀, tí awakọ̀ mìíràn lè jókòó sí lọ sílé bí èrò bá kún. Ọ̀gá awakọ̀ ló ń gbà á láyè. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ nígbà tí ọ̀gá tiwa kọ̀ fún ọmọkùnrin kan láti ìhà kejì. Ọmọ náà bọ́ fìlà rẹ̀, ó na káàdì iṣẹ́ rẹ̀ jáde, ó bèèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọ̀gá náà ò wo ojú rẹ̀, ó ní "kò sí àyè." Àyè wà. Ilé ló ń lọ, ọkọ̀ ìkẹyìn lálẹ́ ọjọ́ yẹn sì ni. Ẹni méjèèjì ló jọ ń jìyà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan náà.

* * *

Ìwọ tó béèrè tún ní: "Bí mi ò bá fọwọ́ sí i, wọ́n máa pè mí ní ọ̀dàlẹ̀. Kí ni kí n wá ṣe?"

Jà, ṣùgbọ́n jà níbi tí ìjà wà. Wá ìgbìmọ̀ tó máa ṣojú yín níwájú onídàájọ́, mọ orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀, béèrè lọ́wọ́ wọn irú ọgbà tí wọ́n fẹ́ bèèrè àti ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbà ka ọdún. Bí wọ́n bá sọ pé ọjọ́ ìgbàsíṣẹ́ nìkan ni àwọn mọ̀, sọ ìtàn US Airways fún wọn, kí o sì bèèrè ohun tí wọ́n máa ṣe bí onídàájọ́ bá kọ̀ ọ́. Ẹni tí kò ní èsì sí ìyẹn kò yẹ kó máa fi owó oṣù rẹ ta tẹ́tẹ́. Sọ fún àwọn tó ń pín káàdì pé, ó kéré tán, àwọn tó fọwọ́ sí i gbọ́dọ̀ tó ìdajì gbogbo awakọ̀ kí ìjọba tó lè ṣètò ìdìbò, láti 2012 ló ti rí bẹ́ẹ̀, àti pé ní gbogbo àkókò tí ẹ bá fi ń fa ìyẹn, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò ní kún fún àdéhùn tuntun.

Èkejì, èyí tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí: ilé-iṣẹ́ máa fi ìwé kan ránṣẹ́ tó ní orúkọ rẹ, ọjọ́ ìbí rẹ, ọjọ́ ìgbàsíṣẹ́, àga rẹ, àti iye ìgbà tí o fi wà nílé láìṣiṣẹ́. Orí ìwé yẹn ni onídàájọ́ máa dúró lé. Kà á lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí o bá ti gba ìsinmi àìsàn rí, tàbí tí wọ́n rán ọ lọ sílé tí wọ́n tún pè ọ́ padà, wò ó bóyá wọ́n ti yọ ọjọ́ wọ̀nyẹn kúrò nínú ọdún rẹ láìyẹ. Wá lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ rẹ àkọ́kọ́ jáde. Wọ́n máa ń fún èèyàn ní ọjọ́ díẹ̀ péré láti tako ohun tó bá ṣì, bí ọjọ́ náà bá sì ti kọjá, ohun tó wà níbẹ̀ ni wọ́n máa lò.